Iyè Tí Bátìrì Gbé Ró: Ẹ̀rọ Tẹlifóònù Àlòkù Nínú Ọ́fíìsì Johannesburg

Ẹ̀rọ tẹlifóònù ọ́fíìsì lè gbàgbé. Iná yóò lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, yóò padà dé ní òru ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ó bá sì di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo tẹlifóònù orí tábìlì yóò máa dún bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní í mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìpè tí ó ń lọ sọ́dọ̀ akápò yóò dún lọ́dọ̀ ọlọ́dẹ. Yàrá tí wọ́n ti ká lọ́wọ́ kò pé kò gbọdọ̀ pe òkè òkun yóò rí i pé ọ̀nà ti ṣí. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, tàbí kí ó máa fura sí òṣìṣẹ́ tí ó kẹ́yìn jáde ní ọjọ́ Ẹtì. Ní Johannesburg, níbi tí iná ti di ohun à-ń-pín fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹjọ́ yìí kì í ṣe kékeré, ó sì ní ìtàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé tẹlifóònù, orí ènìyàn ni iyè yìí ń gbé. Ẹni tí ó jókòó ti pátákó ìsopọ̀ ni ó mọ ilé dókítà, tí ó mọ ilé agbẹjọ́rò, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ so waya wọn pọ̀. Ní ọdún 1891 ni Almon Strowger, ará Kansas City tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìsìnkú, gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ẹ̀rọ tí ó lè so ìpè pọ̀ láìsí ẹni tí ó dúró láàárín. Nínú ẹ̀rọ yìí, iyè ti kúrò lórí ènìyàn, ó ti bọ́ sára irin àti waya. Ẹni tí ó ni nọ́ńbà kan ni ín nítorí pé waya tirẹ̀ ni wọ́n dè mọ́ ibẹ̀. Iná lè lọ fún odidi ọdún kan. Ọjọ́ tí ó bá dé, waya ṣì wà ní ibi tí wọ́n dè é sí.

Ní ọdún 1965, ní Succasunna ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ilé-iṣẹ́ Bell ṣí ibùdó tẹlifóònù tí ó ń tẹ̀lé àṣẹ tí a kọ pamọ́ sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe. Òòfà ni wọ́n fi pa àṣẹ náà mọ́, òòfà kò sì bìkítà bóyá iná wà tàbí kò sí. Ṣíìpù sílíkọ́nì, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò òòfà láti nǹkan bí ọdún 1970, ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó kéré, ó yára, owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ìgbà tí iná bá kúrò lára rẹ̀ ni ohun tí ó mọ̀ tán.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ń ṣe PABX, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń pín ìpè láàárín ọ́fíìsì kan, fi pín iyè rẹ̀ sí méjì. Àṣẹ tí ó sọ ẹ̀rọ di ẹ̀rọ wà nínú ṣíìpù kan tí àìsí iná kò lè pa rẹ́. Ohun tí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ kọ sí i, ta ni ó ní nọ́ńbà wo, ta ni ó lè pe òkè òkun, ibo ni ìpè òru yóò máa lọ, sábà máa ń wà nínú ṣíìpù mìíràn tí bátìrì kékeré kan ń tọ́jú nígbàkígbà tí iná bá lọ. Àwọn olùkọ́ èdè yóò ṣàkíyèsí pé ohùn nìkan ni ó ya iyè tí a fi ń rántí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyè tí a fi wà láàyè. Nínú ṣíìpù yìí, ọ̀kan kò lè dúró láìsí èkejì.

Johannesburg ti jẹ́ ìlú tẹlifóònù tipẹ́. Ilé gogoro Hillbrow, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 269, ni iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba parí ní ọdún 1971. Ní àwọn ọdún 1980, ibùdó oníkọ̀ǹpútà, E10 ti ilẹ̀ Faransé àti EWSD ti Siemens láti Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò àwọn ti àtijọ́ ní orílẹ̀-èdè náà. Ní 1991, Telkom gba iṣẹ́ tẹlifóònù lọ́wọ́ ìfìwéránṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1990 yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ń kó kúrò ní àárín ìlú lọ sí Sandton àti àwọn àdúgbò ìhà àríwá. Ọjà ìpín-ìdókòwò pàápàá kúrò ní òpópónà Diagonal lọ sí Sandton ní ọdún 2000. Ibi tí ilé-iṣẹ́ bá ń kó lọ, ẹ̀rọ àtijọ́ kì í sábà bá a dé ibẹ̀. Oníṣòwò a rà á, a nù ún, a pààrọ̀ ìbòrí tí ó sán, a sì tà á fún ilé-iṣẹ́ kékeré tí agbára rẹ̀ kò ká tuntun. Yorùbá ìbá pè é ní tòkunbọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun tí òmíràn là kọjá kò ju títì mélòó kan lọ.

Àkókò tí ẹ̀rọ fi wà láàárín ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín àti ẹni tí ó rà á ni àìsàn ti ń wọlé. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń wọ PABX, bátìrì lítíọ́mù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe iṣẹ́ kankan. Ó lè lo ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ẹ̀rọ lára ògiri tí wọ́n sì gbé e sí àká láìyọ bátìrì, bátìrì náà ni yóò máa bọ́ ṣíìpù tọ̀sán-tòru, tí yóò máa pa nọ́ńbà àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti túká mọ́ láìsí ẹni tí ó fẹ́ ẹ, títí yóò fi tán. Bátìrì nikẹ́ẹ̀lì òun kádímíọ́mù, tí a lè rọ iná sí padà, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ó bá gbó, ó máa ń ṣomi, omi náà a sì jẹ ojú waya tẹ́ẹ́rẹ́ orí bọ́ọ̀dù. Àwọn mìíràn kò ní bátìrì rárá. Káápásítọ̀ ni wọ́n gbára lé, èyí tí kò lè ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kódà nígbà tí ó wà ní tuntun. Ẹni tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe lè má rí ìkankan nínú èyí, nítorí pé orí iná ni ó ti ń dán an wò, lórí iná sì rèé, ohun gbogbo pé.

Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ dá ṣíìpù lẹ́bi. Aago ni ó ń wò. Bí aago ẹ̀rọ bá ṣáko lọ pọ̀ mọ́ nọ́ńbà, bátìrì tí ó sábà máa ń bọ́ àwọn méjèèjì ni ìfura yóò kọ́kọ́ lọ bá. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ìdè kékeré orí bọ́ọ̀dù tí ó so bátìrì mọ́ ṣíìpù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó ní i, wọ́n sì máa ń tú u kí bátìrì má baà tán nínú páálí. Bí ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ kọ́ bá gbàgbé láti dè é padà, bátìrì tuntun pàápàá kò wúlò. Yóò wá pa iná, yóò fi mítà wọn fólítì, kì í ṣe lẹ́nu bátìrì nìkan bí kò ṣe lẹ́sẹ̀ ṣíìpù gan-an. Fólítì 3 lè wà lẹ́nu bátìrì kí èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ ṣíìpù má tó 2, ọ̀pọ̀ irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀ kò sì ní ìdánilójú ìrántí nísàlẹ̀ 2. Ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó. Ó yẹ kí ẹ̀rọ sun òru kan tàbí méjì láìsí iná.

Láti òpin ọdún 2007 ni Eskom ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín iná. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2008, àwọn ibi ìwakùsà góòlù pàápàá dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọdún 2023 ni ó burú jù. Bátìrì tí ara rẹ̀ le kì í mọ̀ pé wákàtí méjì tàbí mẹ́rin kọjá, nítorí náà kì í ṣe pípín iná ni ó pa iyè ẹ̀rọ àlòkù. Ó kàn tú àṣírí rẹ̀ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ra UPS bo àṣírí náà mọ́lẹ̀ padà, títí di ọjọ́ tí UPS fúnra rẹ̀ gbó.

Pípààrọ̀ bátìrì kò ṣòro, bí ẹni tí yóò ṣe é bá lè rántí pé bí ohun kan bá ṣì kù nínú ṣíìpù, iná gbọdọ̀ wà lára ẹ̀rọ kí ó tó yọ ti àtijọ́. Nọ́ńbà tí ó ti nù ni bátìrì tuntun kò lè dá padà. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ bá fi ẹ̀dà sílẹ̀ sórí ìwé tàbí nínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Bí kò bá fi sílẹ̀, oníṣẹ́ yóò mú gègé, yóò máa lọ láti tábìlì dé tábìlì, yóò máa bi oníkálukú pé: nọ́ńbà wo ni tìrẹ tẹ́lẹ̀?