Ọdẹ Inú Òkun Dídì: Ọ̀rọ̀ Tí Ànàgó àti Ọ̀họ̀rí Lè Fi Sọ Ọ́

Ọmọ ilé-ìwé ní Sakété tàbí ní Pobè, ní ilẹ̀ Benin, lè pàdé orúkọ "orque" nínú ìwé Faransé kí ó tó fojú kan òkun rí. Olùkọ́ á ní ẹja ńlá kan ni. Ẹja kọ́. Afẹ́fẹ́ ni ó ń mí, ọmọ ni ó ń bí, ọmú ni ó sì ń fún ọmọ náà. Bí ẹnì kan bá wá jókòó sídìí rédíò láti fi Ànàgó tàbí Ọ̀họ̀rí, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣàlàyé bí ẹranko yìí ṣe ń gbé nínú omi Antátíkà nígbà tí òtútù bá mú jù lọ, ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ há a lọ́nà. Èrò tèmi ni pé èdè wa ní èyí tó pọ̀ jù lára ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nílẹ̀. Ẹnu alágbẹ̀dẹ, ẹnu ọdẹ, ẹnu obìnrin tó ń se epo ni ká ti lọ wá wọn, ká yé fi ipá túmọ̀ orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn sọ ọ́.

Orúkọ ẹranko náà gan-an ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní àbùùbùtán tó ń pànìyàn, tàbí tó ń pa nǹkan. Ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé àwọn atukọ̀ ló rí i níbi tó ti ń pa àbùùbùtán, ni orúkọ bá yí sódì. Ẹni tó bá tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ "àbùùbùtán apànìyàn", yóò sì ṣì wá lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdílé dọ́fíìnì ni ẹranko yìí ti wá. Linnaeus, onímọ̀ ẹ̀dá, ti kọ ọ́ mọ́ wọn láti ọdún 1758, òun ló sì tóbi jù lọ nínú wọn: akọ lè gùn ju mítà 8 lọ, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ a sì nà tó mítà 1.8, ó ga ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Ní ti ìpànìyàn, kò sí àkọsílẹ̀ pé èyí tó ń gbé inú òkun fúnra rẹ̀ ti pa ènìyàn kan rí. Àwọn tí wọ́n há mọ́ inú adágún ìdárayá ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tó bá pe ẹranko ní apànìyàn ti dá a lẹ́jọ́ kí òǹkàwé tó mọ ìwà rẹ̀.

Ká wá yá "orca" lò? "Ọ́kà" ni yóò dà lẹ́nu wa, bí wọn kò bá sì fi àmì sí i, oúnjẹ inú ìkòkò ni ẹni tó ń kà á ní Sakété yóò rò. Èmi fara mọ́ "ọdẹ-òkun". Ẹni tó ń ju àwọ̀n, apẹja ni a ń pè é, nítorí náà ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ní kọlu ara wọn. Àwọn ará Norway náà wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ: "spekkhogger", ẹni tó ń gé ọ̀rá. Àwọn Inuit ní tiwọn ní "aarluk". Àwa náà kò ṣàìní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ lórúkọ, torí wọ́n ti rí i nínú omi tiwa, ní etíkun Ghana àti ti Gabon.

Ọ̀rọ̀ tó tún le ni ti ìgbà òtútù. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ń kọ "ọyẹ́". Ṣùgbọ́n ọyẹ́ tí a mọ̀ ní Pobè, oṣù Ọ̀pẹ ni ó ń dé, ó ń fọ́ ètè, ó ń gbẹ ewé, eruku ni ó ń gbé wá. Ní Antátíkà, oṣù Òkùdù sí oṣù Ògún ni òtútù ń mú jù lọ, ìyẹn nígbà tí òjò ṣì ń lu páànù wa. Òkìtì yìnyín ló wà níbẹ̀, eruku kọ́, oòrùn kì í sì í yọ rárá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní apá gúúsù pátápátá. Kí a pè é ní "ìgbà òtútù", kí a sì dárúkọ oṣù mọ́ ọn nígbà gbogbo. Bí a bá dárúkọ oṣù, olùgbọ́ á mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ìgbà tiwọn àti tiwa kò bára mu.

Ibi tí mo ti rí ìrànlọ́wọ́ jù lọ ni ilẹ̀ ọ̀pẹ. Pobè jẹ́ ìlú epo. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti ọdún 1922. Obìnrin tó bá ṣí kẹ́ẹ̀gì epo lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ mú, tí ó dà á tí kò ṣàn, kò ní sọ ju pé epo ti dì. Ó mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀: ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ ki, ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì á tẹ̀ lé e, inú á ṣì máa rọ̀, bí oòrùn bá sì mú, á tún yọ́. Bí òkun náà ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí ó bá tutù tó ìwọ̀n 1.8 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Nítorí náà "òkun dídì" ni mo fẹ́, "yìnyín" nìkan kò tó. Yìnyín ń bọ́ láti òkè pẹ̀lú òjò. Òkun dídì, omi òkun fúnra rẹ̀ ni. Láàárín oṣù Èrèlè sí oṣù Ọwẹ́wẹ̀, òkun dídì tó yí Antátíkà ká máa ń fẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 kìlómítà onígun mẹ́rin.

Ẹranko tó ń mí afẹ́fẹ́ kò lè gbé abẹ́ ìdérí bẹ́ẹ̀ bí kò sí ibi tó là. "Ojú omi" ni kí a pe ibi tó là náà. Ní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 2013, nítòsí abúlé Inukjuak ní àríwá Kánádà, òkun dì yí agbo ọdẹ-òkun kan ká, ó ku ojú omi kan ṣoṣo tí gbogbo wọ́n ń du láti mí, títí afẹ́fẹ́ fi yí padà tó sì ṣí ọ̀nà fún wọn. Lẹbẹ gíga tó wà lẹ́yìn wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn fàlàlà lábẹ́ òkun dídì. Síbẹ̀, wọ́n ti rí àwọn kan láàárín òkun dídì Antátíkà nígbà òtútù gan-an. Ní Norway, ohun tó ń darí wọn nígbà òtútù ni ẹja herring, ìran ṣàwá: wọ́n á rọ̀gbà yí i ká, wọ́n á kó o jọ sókè bí òṣùṣù, wọ́n á wá fi ìrù gbá a títí yóò fi dákú.

Wo ọ̀kan lára bí wọ́n ṣe ń ṣọdẹ ní Antátíkà. Síìlì kan, ẹranko òkun tó ń fún ọmọ lọ́mú, sùn sórí ègé òkun dídì. Ọdẹ-òkun kan yọ orí rẹ̀ sókè lóòró, ó wò ó, ó padà sísàlẹ̀. Kò pẹ́, àwọn mìíràn dé. Wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n sáré pọ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbì tí ìrù wọn dá sílẹ̀ sì gbá ègé náà kọjá, ó gbá síìlì sínú omi. Bí ó bá rí ọ̀nà padà sókè, wọ́n á tún un ṣe. Ẹni tó ti tẹ̀ lé àjọdẹ rí, níbi tí àwọn kan ń lé ẹran, tí àwọn kan sì dènà dè é, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Àwọn onímọ̀ pín ọdẹ-òkun Antátíkà sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n fi lẹ́tà A, B, C àti D pè wọ́n. Àwọn kan ń jẹ àbùùbùtán kékeré, àwọn kan síìlì, àwọn kan ẹja nìkan. Kí ni a ó pe irú ìpín yìí? "Ẹ̀yà" yá jù, torí àríyànjiyàn ṣì wà: ní ọdún 2024 ni àwọn onímọ̀ kan dábàá pé kí wọ́n ya méjì nínú àwọn ti òkun Pàsífíìkì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí irú ẹ̀dá ọ̀tọ̀. Mo mú "orílẹ̀", bí a ṣe ń lò ó nínú oríkì orílẹ̀. Orílẹ̀ ní ohùn tirẹ̀, ó ní àṣà tirẹ̀, ó sì ní èèwọ̀. Ní ọdún 1970, wọ́n mú ọdẹ-òkun márùn-ún ní Pedder Bay ní Kánádà. Orílẹ̀ tó ń jẹ síìlì ni wọ́n ti wá, ẹja ni wọ́n sì ń gbé fún wọn. Mẹ́ta nínú wọn kọ̀ ọ́ fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọjọ́, ebi sì pa ọ̀kan kú kí àwọn yòókù tó jẹ. Ìdílé tí kì í jẹ òkété yóò mọ ohun tí a ń wí. Agbo wọn pẹ̀lú, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń kà á, ìyá àgbà tí kò bímọ mọ́ sì sábà máa ń ṣíwájú. "Ọmọ-ìyá" ni ọ̀rọ̀ tí mo fi sílẹ̀ fún agbo bẹ́ẹ̀.

Àwọn akọ̀wé kan ń pe bí ẹranko ṣe wà káàkiri ní "ìpínkiri" tàbí "ìtànkálẹ̀". Ìpínkiri dà bí oúnjẹ òde ìnáwó, ìtànkálẹ̀ sì ti di ti àrùn. "Ibùgbé" àti "ìrìn" tó. Àwọn kan nínú ọdẹ-òkun tí a fi ẹ̀rọ sí lára ní Antátíkà rìn dé omi Uruguay àti Brazil tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ọ̀kan sì lọ, ó bọ̀, kìlómítà 9,400 láàárín ọjọ́ 42. John Durban àti Robert Pitman, tí wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 2012, gbà pé nítorí awọ ara ni: nínú omi tútù, ẹ̀jẹ̀ kò lè ṣàn dé awọ dáadáa kó lè bó, kó sì hù tuntun. Ìrìn ìbó-awọ nìyẹn. A kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bí ìrìn ìbímọ.

Ìrìn ìbímọ wà nítòsí wa. Láti oṣù Ògún dé oṣù Bélú, àbùùbùtán oníké láti Antátíkà ń wá bímọ ní etíkun Benin, débi pé ọkọ̀ ojú omi ń gbé àlejò láti Cotonou lọ wò wọ́n. Nínú oṣù wọ̀nyẹn ni kí àwọn rédíò agbègbè wa gbé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jáde, kí a sì gbọ́ èyí tí ará ọjà gbà àti èyí tí wọ́n yí padà. Kí a sì tẹ̀ wọ́n ní ọ̀nà méjèèjì tí a fi ń kọ èdè yìí: "ẹ̀" ti Nàìjíríà àti "ɛ̀" ti Benin, "p" àti "kp", pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo rẹ̀, kí "ọdẹ" má bàa di "ọ̀dẹ̀" lẹ́nu ọmọ tó ń kà á fún ìgbà àkọ́kọ́.