Òkúta Tí Ọlọ́pàá Gbẹ́sẹ̀ Lé

Ẹ kọ́kọ́ bá wa wo yàrá kan ní Paris, ilé nọ́ńbà 12, òpópónà Transnonain. Ọkùnrin kan nà gbalaja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀wù ìsùn nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí ọmọ ọwọ́ tó ti kú sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan wà nínú òkùnkùn lápá òsì, orí bàbá arúgbó kan sì yọ lápá ọ̀tún. Kò sí ṣọ́jà kankan nínú àwòrán yìí. Ohun tí Honoré Daumier kọ sábẹ́ rẹ̀ ò ju orúkọ òpópónà àti ọjọ́ lọ: 15 oṣù kẹrin, 1834.

Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ yẹn, nígbà tí ọ̀tẹ̀ ń lọ nígboro, àwọn ṣọ́jà ní ẹnì kan yìnbọn láti ilé náà. Wọ́n já wọlé, wọ́n sì pa bí èèyàn 12, tó fi mọ́ àwọn tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Daumier ti fi yẹ̀yẹ́ ṣẹ̀wọ̀n ṣáájú ìgbà yẹn. Lọ́dún 1831, ó ya Ọba Louis-Philippe bí òmìrán alájẹkì kan, tí wọ́n ń gba orí pákó gbé owó àwọn tálákà lọ sẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà àti owó ìtanràn 500 fráǹkì ni ilé ẹjọ́ fi dá a lóhùn. Charles Philipon, tó ń gbé àwọn àwòrán rẹ̀ jáde, tiẹ̀ ya ojú ọba nílé ẹjọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, títí ojú náà fi di èso píà. (Kì í ṣe píà tiwa tí à ń jẹ mọ́ búrẹ́dì o, tibẹ̀ dùn bí ápù.) Wọ́n dá òun náà lẹ́bi, àmọ́ píà ti bọ́ sára ògiri káàkiri Paris.

Ọ̀nà ìtẹ̀wé náà gan-an ló bà wọ́n lẹ́rù. Igi gbígbẹ́ àti irin fífín máa ń pẹ́. Lórí òkúta, kíréyọ̀n ọlọ́ràá ni ayàwòrán á fi ya á tààrà. Wọ́n á fomi sí i, íǹkì á kọ ibi tó lómi, á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Ẹni tí ò mọ̀wé kà á dúró níwájú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù Aubert, á sì yé e.

Nígbà tí owó ìtanràn pọ̀ jù, Philipon dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀: ẹ dáwó lóṣooṣù, ẹ gba àwòrán kan. Ibẹ̀ ni ti Transnonain ti jáde. Ọlọ́pàá gbẹ́sẹ̀ lé òkúta náà àti àwọn ẹ̀dà tí wọ́n bá nílẹ̀. Àwa tá a ń fi kóòdù kíkọ jẹun mọ bí irú ẹ̀ ṣe ń rí: ẹ lè gba sáfà, àmọ́ kí lẹ fẹ́ ṣe sí èyí táwọn èèyàn ti gbé lọ sílé?

Ní oṣù kẹsàn-án 1835, òfin dé pé àwòrán gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìjọba kó tó jáde. Wọn ò ní kí ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn kọ́kọ́ gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Daumier wá kojú sáwọn lọ́yà àti adájọ́, àwọn tó ti mọ̀ láti kékeré nígbà tó ń jíṣẹ́ fún béélífù. Nínú ọ̀kan, obìnrin tó pàdánù ẹjọ́ ń sunkún, lọ́yà ẹ̀ gbé imú sókè.

Lọ́dún 1851, wọ́n da òpópónà Transnonain pọ̀ mọ́ Beaubourg. Orúkọ náà kúrò lórí máàpù, àmọ́ ó ṣì wà lábẹ́ àwòrán.