Ìwé Ìlò Kì í Ṣe Ìwé Ọkùnrin

Ẹni tó bá túmọ̀ àṣẹ man inú Linux sí “ọkùnrin” ti ṣìnà láti ẹnu ọ̀nà. Ṣe ni wọ́n gé ọ̀rọ̀ náà kúrú lára manual, tó wà nínú orúkọ ìwé tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie kọ fún Unix lọ́dún 1971, láti fi ṣàlàyé bí a ṣe ń lò ó. “Ìwé ìlò” ti tó. Ẹ má fi “ojú” (page) kún un: ti ètò bash nìkan gùn tó odindi ìwé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe. Debian, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, fẹ́ kí gbogbo ètò tó bá wà nínú ẹrù sọ́fítíwíà ní ìwé ìlò tirẹ̀. Bí ẹni tó ṣe ètò kò bá kọ ọ́, irinṣẹ́ help2man a máa bi ètò náà ní ìbéèrè méjì, --help àti --version, a sì fi ìdáhùn rẹ̀ to ìwé. Èmi ò ní pe èyí ní “ṣẹ̀dá”. Kò dá ohunkóhun, ẹnu ètò ló ti gba ọ̀rọ̀. Ó fa ìwé yọ ni. Lẹ́yìn náà ni dh_installman, irinṣẹ́ tó ń bá ni di ẹrù, dé. Ó wo ìlà .TH lókè ìwé, ó rí nọ́ńbà ìpín ìwé, 1, níbẹ̀, ó gbé e sí usr/share/man/man1. Àmọ́ inú àpò ẹrù tí a ṣì ń dì ni àyè yẹn wà. Ìwé kò tíì kan ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí dpkg bá tú ẹrù sórí ẹ̀rọ ló tó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, install, ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìṣe méjèèjì. Bí àwa náà bá ní “fi sórí ẹ̀rọ” fún méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ á parí iṣẹ́, á tẹ man, kò sì ní bá nǹkan kan. “Kó sẹ́rù” ni ti àkọ́kọ́. “Fi sórí ẹ̀rọ” ni ti ìkejì.

Àwọn kan lè ní àṣẹ ṣì ń jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí la ń yọ ara wa lẹ́nu sí? Orúkọ ni dh_installman, a kì í túmọ̀ orúkọ. Àlàyé tó yí i ká ni tiwa. Àwọn mìíràn á ní Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣe é, kò sì pa wọ́n lára. Ó ń pa olùbẹ̀rẹ̀ lára dáadáa, àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ló gbàgbé. Ní ti “sọ́fítíwíà”, ẹ jẹ́ ó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Àyè tiwa sì ti wà nílẹ̀: bí a bá fi yo, àmì èdè Yorùbá, sáàárín orúkọ fáìlì ìwé, bíi kíkí.yo.1, dh_installman á gbé e sí man/yo/man1 láìbéèrè.