Orírun Ọ̀rọ̀ Kan: 'Formative'

Láti inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, 'formative', ti ṣẹ̀. 'Forma' ni àwọn ará Róòmù ń pe ìrísí, àti igi tí oníbàtà ń na awọ lé lórí. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, èdè Faransé kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùkọ́ ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣàpèjúwe ìgbà èwe. Àwọn onímọ̀ èdè ń fi í pe àfòmọ́, bí 'ì' tí ó sọ 'fẹ́' di 'ìfẹ́'. Síbẹ̀, 'ì' kò pa 'fẹ́' rẹ́. Àfòmọ́ yìí ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ jọ, kì í ṣe igi oníbàtà: kí ó tún ọmọ ṣe láì pa ìwà àbínibí rẹ̀ rẹ́.