Àwọn Alágbàṣe Ihò Èédú: Ìtàn Coal Camp ní Ẹnúgu

Ẹni tí ó bá mọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta nígbà tí èédú ń lé ọkọ̀ ojú irin sáré, tí ó sì rí èéfín tí ń rú ní ilé iná mànàmáná Ìjọ́rà tí a ṣí ní 1923, ti jẹ nínú òógùn àwọn ará Coal Camp, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ihò èédú ní Ẹnúgu, bí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ní 1909 ni Albert Kitson rí èédú ní agbègbè Údì. Ní 1915 ìjọba amúnisìn ṣí ihò àkọ́kọ́ ní Ogbete, nígbà tí ó sì di 1916, reluwé ti ń gbé e lọ sí Port Harcourt. Kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlẹ̀ ló wù láti wọlẹ̀: àwọn olóyè tí ìjọba fún níwèé àṣẹ, irú Onyeama ti Eke, ni ó ń kó ọ̀dọ́ wá.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, tí ọjà èédú dín, àwọn ọ̀gá ìwakùsà sọ iṣẹ́ di rọ́stà láàárín àwọn ọdún 1930: bí èyí bá wọlé lónìí, tọ̀hún a padà sílé. Ọkùnrin kan lè jí kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó fẹsẹ̀ rìn láti Ngwo, kí ó dúró lẹ́nu ihò, kí a wá sọ fún un pé kò kàn án. Iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó kò sì wọ àpò rẹ̀. Mo gbà pé ìgbà ọ̀dá le fún ọ̀gá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé, ẹrù ọjà tí kò dúró sójú kan kì í sì í ṣe ti alágbàṣe.

Owó iṣẹ́ tí wọ́n ní a jẹ àwọn ní àkókò rọ́stà yìí wà lára ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tí Okwudili Ojiyi ń darí, ń béèrè nígbà tí wọ́n fa iṣẹ́ sẹ́yìn ní 1949. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, àwọn ọlọ́pàá wá kó ẹ̀tù ìfọ́kúta kúrò ní ihò èédú Àfonífojì Iva ní Ẹnúgu. Ọ̀gá wọn, F. S. Philip, pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn sí àwọn òṣìṣẹ́, ọkùnrin 21 sì kú. Ní Èkó, Dókítà Akinọlá Maja ṣe alága ìgbìmọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú para pọ̀ dá sílẹ̀ lórí ọ̀ràn náà.

Nígbà tó yá, reluwé bọ́ sórí epo dísù, ogun abẹ́lé ti ihò pa, èédú kò sì padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Àwọn tí ń tú ẹ́ńjìnnì, tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ni ó kún Coal Camp lónìí; ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá wá, ọmọ iṣẹ́ a jókòó sórí táyà, a máa wo títì.