Agbóguntàrùn tí Ó Tú Àṣírí Okùn Iṣan

Ní ọdún 1868, ní ìlú Paris, Jean-Martin Charcot ṣàpèjúwe àìsàn tí à ń pè ní multiple sclerosis. Àìsàn náà a máa bó èèpo ọlọ́ràá tí ó wé mọ́ okùn iṣan inú ọpọlọ àti ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé èèpo yìí ni àìsàn náà ń bàjẹ́, pé okùn fúnra rẹ̀ ṣì wà digbí lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn tí ó ti rọ kì í padà bọ̀ sípò?

Ohun tí wọn yóò fi wò ó ni ó kù. Láti 1873 tí Camillo Golgi, ará Ítálì, ti fi fàdákà kun ọpọlọ ni ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì iṣan ti hàn gedegbe. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ni fàdákà Golgi ń kùn, kò sì ya purotéènì kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn.

Ní Cambridge, ní 1975, Georges Köhler àti César Milstein so sẹ́ẹ̀lì eku tí ń pèsè agbóguntàrùn pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú. Àmúlùmálà náà ń pèsè agbóguntàrùn irú kan ṣoṣo láìdáwọ́ dúró, èyí tí yóò lẹ̀ mọ́ ohun kan péré. A kò gba ìwé àṣẹ oníhun lé e lórí. Èyí sì rọ yàrá ìwádìí gbogbo lọ́rùn.

Ní 1983, Ludwig àti Nancy Sternberger ní Amẹ́ríkà gbé irú agbóguntàrùn bẹ́ẹ̀ jáde fún neurofilament, purotéènì tí ó dúró bí igi àjà nínú okùn iṣan. Nínú okùn tí ara rẹ̀ le, fọ́sífétì a máa pọ̀ lára purotéènì yìí. Ọ̀kan nínú àwọn agbóguntàrùn wọn, SMI-32, kì í lẹ̀ mọ́ ọn àfi bí fọ́sífétì kò bá sí lára rẹ̀.

SMI-32 yìí ni Bruce Trapp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi wo ọpọlọ àwọn aláìsàn tí ó ti kú, ní 1998. Níbi tí ọgbẹ́ ti ń jà, wọ́n ka orí okùn tí ó já tí ó lé ní 11,000 nínú ìwọ̀n mìlímítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Nínú ọpọlọ ẹni tí kò ní àìsàn náà, kò tó ẹyọ kan. Okùn tí ó já nínú ọpọlọ kì í hù padà. Lónìí, agbóguntàrùn ni a tún fi ń wọn neurofilament nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí ó wà láàyè.