Y2K Kì í Ṣe Irọ́: Ìtàn Iṣẹ́ Tí Ojú Kò Rí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn máa ń fẹnu lásán sọ nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà bá délẹ̀. Wọ́n á ní: "Ṣé ẹ rántí Y2K? Wọ́n ní bàálù máa já bọ́, owó wa nínú báǹkì máa pòórá, iná máa kú káàkiri ayé. Ilẹ̀ mọ́, kò sí nǹkan kan. Ariwo lásán ni, wọ́n kàn fi jẹ owó ni." Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì bí ní 1999 pàápàá ti ń sọ ọ́. Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ń gbọ́ ọ náà á kàn rẹ́rìn-ín.

Òpìtàn ni mí, n kì í ṣe ẹlẹ́rọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́, ibi ìtàn ni. Ó mú ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ dání, ó wá ju iṣẹ́ tó bí ìgbẹ̀yìn náà nù. Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí kálukú wá dá a rò.

Orí páálí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń ka àwọn èèyàn rẹ̀ ní 1890, ẹ̀rọ tí Herman Hollerith ṣe ni wọ́n fi ka èsì rẹ̀. Káàdì tí wọ́n dá ihò sí ni ẹ̀rọ náà ń kà. Ihò kọ̀ọ̀kan ń sọ nǹkan kan nípa èèyàn: ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tí wọ́n bí i sí, iṣẹ́ tó ń ṣe. Iléeṣẹ́ Hollerith wà lára àwọn tó para pọ̀ di èyí tó gba orúkọ IBM ní 1924. Ní 1928, IBM gbé káàdì tuntun jáde tó ní ààyè 80. Ààyè kan, lẹ́tà kan tàbí nọ́ńbà kan. Ó parí síbẹ̀. Orúkọ oníbàárà, àdírẹ́sì rẹ̀, iye tó jẹ, ọjọ́ tó rajà, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọnú 80 yẹn. Ta ló wá fẹ́ fi ààyè méjì ṣòfò láti kọ "19" síwájú ọdún, nígbà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ pé inú rẹ̀ la wà?

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ààyè tún wọ́n sí i ni. Ẹ wo IBM 1401, tí wọ́n gbé jáde ní 1959, tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ sì rà. Èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ kò lè gba ju lẹ́tà 1,400 lọ sínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àròkọ tí ẹ ń kà yìí ti ju ìyẹn lọ kí ẹ tó dé ibí. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ wò: bí iléeṣẹ́ kan bá ní orúkọ èèyàn mílíọ̀nù kan lọ́wọ́, tó kọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìgbàṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, yíyọ "19" kúrò máa gba ààyè mílíọ̀nù mẹ́rin là. Owó gidi nìyẹn láyé ìgbà náà. Nítorí náà, àwọn tó ń kọ nọ́ńbà méjì fún ọdún kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Owó ọ̀gá wọn ni wọ́n ń ṣọ́.

Ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Káàdì kúrò nílẹ̀, ààyè inú kọ̀ǹpútà di ọ̀pọ̀ yanturu, àṣà nọ́ńbà méjì ò lọ. COBOL ni èdè tí wọ́n dìídì ṣe fún kíkọ ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ajé. 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn báǹkì, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò fi COBOL kọ ètò tí wọ́n rò pé á lo ọdún mélòó kan, kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò náà pé ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ètò tuntun tí wọ́n bá kọ gbọ́dọ̀ lè ka fáìlì àtijọ́, ìyẹn ni pé nọ́ńbà méjì tó wà nínú ti àtijọ́, òun náà á jogún rẹ̀.

Wọ́n ò ṣàì kìlọ̀. Bob Bemer, ọ̀kan lára àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú ìtàn COBOL, kọ̀wé nípa ewu yìí ní 1971, ó tún kọ ọ́ ní 1979. Wọn ò kà á sí. Ta ló máa náwó ní 1971 lórí wàhálà ọdún 2000? Ọ̀gá tó wà lórí àga nígbà náà mọ̀ pé òun á ti fẹ̀yìn tì kó tó dé. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1993 ni Peter de Jager, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Computerworld. "Doomsday 2000" ni wọ́n pe àkọlé rẹ̀. Ìgbà yẹn ni etí tó bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Kí wá ni wàhálà náà gan-an? Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ká ní wọ́n bí màmá kan ní 1935. Ní 1999, kọ̀ǹpútà á yọ 35 kúrò nínú 99, á ní ọmọ ọdún 64 ni màmá. Tó bá di 2000, á yọ 35 kúrò nínú 00. Kí ni yóò kù? Òdo dín ní 35. Ètò kan á ní wọn ò tíì bí màmá. Òmíràn á gbàgbé àmì ìyọkúrò, á ní ọmọ ọdún 35 ni, kò tíì tó ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Kọ̀ǹpútà ò ní ojú tó máa fi rí ewú orí màmá. Irú ìṣirò kan náà ni wọ́n fi ń mọ èlé orí owó yíyá, ọjọ́ tí oògùn máa bà jẹ́, àti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò. Tiẹ̀ tún wo oṣù kejì. Òfin kàlẹ́ńdà ni pé ọdún tó bá parí ọgọ́rùn-ún, bíi 1900, kì í ní February 29, àfi èyí tí 400 bá lè pín dọ́gba, bíi 2000. Àwọn kan nínú àwọn tó kọ ètò rántí apá àkọ́kọ́ òfin yìí, wọ́n gbàgbé èkejì.

Kì í sì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ wòlíì. Ó ti ń ṣẹlẹ̀ kí 2000 tó dé. Nígbà tí àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn ní káàdì tí ọjọ́ rẹ̀ máa parí ní ọdún 00, ẹ̀rọ ìgbowó àwọn ṣọ́ọ̀bù kan kọ̀ wọ́n. Ilé ìtajà oúnjẹ kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà rí i pé gbogbo ẹ̀rọ òun ń dákú bí wọ́n bá ti fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ sí i. Ní 1997, wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù.

Wọ́n wá bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ tó sú èèyàn pátápátá ni. Ẹ ní láti ka ètò kọ̀ǹpútà láìmọye ìlà, kí ẹ máa wá ibi tí ọjọ́ wà, ẹni tó kọ ọ́ ti lè kú tàbí kó ti fẹ̀yìn tì, kò sì kọ àlàyé kankan sílẹ̀. Wọ́n ń pe àwọn àgbà tó gbọ́ COBOL padà láti ilé wọn. Níbi tí owó àti àkókò bá wà, wọ́n á sọ ọdún di nọ́ńbà mẹ́rin. Níbi tí kò bá sí, wọ́n á dọ́gbọ́n sí i: wọ́n á sọ fún kọ̀ǹpútà pé bó bá rí nọ́ńbà kékeré bíi 05, kó kà á sí 2005, bó bá rí ńlá bíi 75, kó kà á sí 1975. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ti aago kọ̀ǹpútà síwájú, kí wọ́n wo ohun tó máa ṣubú. Bó bá ṣubú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba náà dìde. Ní oṣù kejìlá ọdún 1998, àwọn aṣojú ju 120 orílẹ̀-èdè lọ pàdé ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York nítorí ọ̀rọ̀ yìí nìkan. Ní oṣù kejì ọdún 1999, wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè á ti máa pín ìmọ̀ fún ara wọn, Báǹkì Àgbáyé sì ṣèrànwọ́ owó. Iye tí wọ́n sábà máa ń fojú bù pé gbogbo ayé ná ju 300 bílíọ̀nù dọ́là lọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà dé. Jane Garvey, tó jẹ́ olórí àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, wọ bàálù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí gbogbo ayé lè rí i pé ó dá a lójú. Bàálù balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Iná ò kú. Ayé mí kanlẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀? Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀ka ológun Amẹ́ríkà tó ń gba àwòrán láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì amí kò rí ìròyìn rẹ̀ kà dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Ní Ishikawa ní Japan, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìtànṣán iléeṣẹ́ iná núkílíà dákẹ́ lóru ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò la ewu lọ. Ní ìpínlẹ̀ New York, kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù fídíò kan ní kí oníbàárà san 91,250 dọ́là, torí ó ní fíìmù tó yá ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Èyí tó kàn kò pa ni lẹ́rìn-ín. Ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà kan wà tó ń ṣírò bóyá ó ṣeé ṣe kí ọmọ inú aboyún ní ipò àbímọ́ tí à ń pè ní Down's syndrome. Ọjọ́ orí ìyá wà lára ohun tó fi ń ṣírò rẹ̀. Láti January di May 2000, ó ń ṣi ọjọ́ orí náà kà. Obìnrin 154 ni wọ́n sọ fún pé kò séwu, nígbà tó yẹ kí wọ́n pè wọ́n padà fún àyẹ̀wò sí i. Oyún mẹ́rin nínú rẹ̀ ló ní Down's syndrome. Kọ̀ǹpútà kan péré tí àtúnṣe kò dé nìyẹn. Ẹ wá ronú iye ilé ìwòsàn tí àtúnṣe dé.

Mi ò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni o. Òótọ́ ni pé àwọn kan fi ẹ̀rù tajà. Òótọ́ ni pé àwọn ọ̀gá kan fi Y2K kẹ́wọ́ láti ra kọ̀ǹpútà tuntun. Àwọn kan á sì béèrè pé: Ítálì kò ṣe tó Amẹ́ríkà, kí ló dé tí ilé ò fi wó lé e lórí? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó sì ní ìdáhùn. Bí iléeṣẹ́ tó ń ta sọ́fítíwia bá tún ọjà rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, ọjà tí a ti tún ṣe yẹn kan náà ni Ítálì ń rà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn ń jẹ nínú làálàá ẹni tó ṣáájú, ó ń lo irinṣẹ́ tí onítọ̀hún ti ṣe. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilẹ̀ tí kò tíì fi gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kò lè fara gbá bíi ti èyí tó ti fi sọ́wọ́ rẹ̀. Pé wọ́n ná àná-ṣẹ́kù kò sọ pé ewu ò sí.

Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ni pé irú èrò yìí ń pa ni lára. Ní July 2014, Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọ pa nǹkan bí 900 èèyàn káàkiri ilé wọn. Èèyàn 20 ló kó o, mẹ́jọ kú, Adadevoh wà lára wọn. Ní October 20, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà. Lónìí, ẹ lè pàdé ẹni tó máa ní Ebola ò kúkú ṣe Èkó ní nǹkan kan. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń fi ikú àwọn tó gbà á là ṣe ẹ̀rí pé kò nílò ìgbàlà.

Òmíràn sì ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń ka aago nípa kíka ìṣẹ́jú-àáyá láti January 1, 1970. Àwọn tó jẹ́ ti àtijọ́ nínú wọn kò lè kà kọjá 2,147,483,647. Ní January 19, 2038, nígbà tí aago mẹ́rin òwúrọ̀ bá fi ìṣẹ́jú 14 kọjá ní Nàìjíríà, iye yẹn á pé, kọ̀ǹpútà tí wọn ò bá tún ṣe á sì rò pé ọdún 1901 lòun wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tuntun ti bọ́ nínú rẹ̀. Ìyọnu wà lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ti gbé sínú ilé iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń pín owó bá gbà pé irọ́ ni ti 2000, wọn ò ní fowó sí ti 2038.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, mo ní iṣẹ́ kan fún yín. Àwọn kan nínú yín wà ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà báǹkì, iléeṣẹ́ epo tàbí ti ìjọba ní 1998 àti 1999. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀: ètò wo lẹ tún ṣe, ta ló rán yín, kí lẹ rí nígbà tí ẹ ti aago síwájú. Ìwé iléeṣẹ́ ń sọnù, ọjọ́ orí sì ń lọ. Ohun tó bà jẹ́ máa ń ní àkọsílẹ̀: ìwé ìròyìn á kọ ọ́, kóòtù á gbọ́ ọ. Ohun tí kò bà jẹ́ torí pé ẹnìkan dúró tì í, bí ẹni náà ò bá sọ ọ́, a ò ní mọ̀ ọ́n láéláé.